Lífà àti ojú ìgbáralé rẹ̀

Lífà ni ọ̀pá líle tí ó ń yí lórí ojú kan tí kò kúrò nípò, tí a fi ń gbé ẹrù, tí a fi ń tú nǹkan, tàbí tí a fi ń fún nǹkan pọ̀. Ojú tí kò kúrò nípò yìí ni a pè ní ojú ìgbáralé níbí. Lífà wà lára àwọn ẹ̀rọ tí kò lọ́jú pọ̀, bíi púlì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ẹrù àti ọwọ́ ṣe jìnnà sí ojú ìgbáralé tó ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe rọrùn tó. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Siracusa tí ó kú ní 212 ṣáájú ìbí Kristi, ti fi ẹ̀rí ìṣirò gbé òfin yìí kalẹ̀.

Nígbà tí a bá ń hú àpáta kúrò lórí ilẹ̀ ìkọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ń ki ọ̀pá irin sí abẹ́ rẹ̀, a ó sì fi òkúta kékeré ti ọ̀pá náà. Bí ìwúwo kíló 120 bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí òkúta kékeré yẹn, tí ọwọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 120 ní òdì kejì, agbára tí ó tó gbé kíló 20 yóò mú un dọ́gba. Díẹ̀ lé e, àpáta á mì. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, àpáta kò ní gòkè ju 5 lọ. Lífà kì í dá agbára sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe fúyẹ́ tó ni ọwọ́ yóò ṣe rìn jìnnà tó.

Lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́

Ibi tí òfin yìí ti hàn gbangba jù ni ìsọ̀ mẹkáníìkì. Bí nọ́ọ̀tì táyà bá ti le koko, mẹkáníìkì lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á ki páìpù bọ ìdí sípánà. Páìpù náà kò fi nǹkan kan kún okun apá rẹ̀. Ó kàn mú ọwọ́ jìnnà sí àárín nọ́ọ̀tì ni. Bí sípánà sẹ̀ǹtímítà 25 bá di 75, agbára tí ń yí nọ́ọ̀tì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun kan náà ni ó lè já bóòtù bí a kò bá ṣọ́ra.

Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ jẹ́ lífà méjì tí a kàn pọ̀. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ìdí rẹ̀ gùn, nítorí náà ó ń di irin gbígbóná mú ṣinṣin, ó sì ń mú ọwọ́ jìnnà sí iná. Oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ tí ó ń fi àlùmọ́gàjí gé awọ tí ó nípọn náà mọ̀ pé kí òun ti awọ wọnú títí dé ẹ̀gbẹ́ ìdè rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ṣóńṣó.

Oríṣi mẹ́ta

Nínú oríṣi kìíní, ojú ìgbáralé wà láàárín, bí ti òṣùwọ̀n alápá méjì. Nínú èkejì, ẹrù ni ó wà láàárín, bíi báró onítáyà kan tí a fi ń kó búlọ́ọ̀kù. Nínú ẹ̀kẹta, agbára ni ó wà láàárín. Apá ènìyàn jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: iṣan òkè apá so mọ́ egungun ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí ìgúnpá, àtẹ́lẹwọ́ sì wà ní nǹkan bíi 35. Iṣan náà ní láti fa agbára tí ó ju ìwúwo ẹrù lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá súnkì díẹ̀, ọwọ́ ti fò jìnnà.