Àtẹ̀jíṣẹ́ àìbéèrè

Àtẹ̀jíṣẹ́ àìbéèrè, tí gbogbo ayé mọ̀ sí spam, ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bi í ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ SMS, ó lè jẹ́ ímeèlì tàbí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, ó sì lè jẹ́ ìpè tó dún lẹ́ẹ̀kan tó sì kú. Ìpolówó ọjà wà nínú rẹ̀, jìbìtì náà wà níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, àti ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ó lè gba èdè Faransé, Yorùbá tàbí Ègùn wọlé. Gẹ̀ẹ́sì náà ń bá a dé láti orí SIM Nàìjíríà tí àwọn tó ń ná ọjà ẹnubodè ń lò.

Orúkọ àti ìbẹ̀rẹ̀

Inú agolo ẹran ni orúkọ náà ti wá. Ilé iṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran agolo kan tó ń jẹ́ Spam ní 1937. Ní 1970, eré apanilẹ́rìn-ín kan lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ilé oúnjẹ kan hàn níbi tí ẹran yìí ti wọ inú gbogbo oúnjẹ, tí àwọn kan sì ń kọrin orúkọ rẹ̀ títí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà mú orúkọ yẹn fún ọ̀rọ̀ tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun náà fúnra rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ Digital Equipment Corporation, fi ìkéde kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, ètò tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀ hù jáde. Àwọn tó gbà á fi ẹ̀hónú hàn gan-an. Òun ni wọ́n sábà ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ìdí tí kò fi tán

Ẹni tó ń kiri ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ohùn rẹ̀ á há, ẹsẹ̀ á ro ó, ilẹ̀ á sì ṣú bá a. Ìnira yẹn ló ń fi òpin sí iye etí tó lè polówó ọjà sí lójúmọ́. Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti kọ ímeèlì kan tán, iye tí yóò ná an láti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn àti sí mílíọ̀nù ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Àwọn tó gbà á ló ń san ìyókù: dátà, bátìrì, àkókò, àti àyà tó ń já nígbà tí fóònù bá dún lóru.

Ní 2008, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì California ní Berkeley àti San Diego rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀rọ àwọn tó ń tú ímeèlì báyìí síta, wọ́n sì ka ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Nínú nǹkan bí 350 mílíọ̀nù ímeèlì tó ń polówó oògùn láàárín ọjọ́ 26, ènìyàn 28 péré ló ṣe bí ẹni fẹ́ rà. Ìyẹn ju mílíọ̀nù 12 ímeèlì lọ fún oníbàárà kan ṣoṣo. Kò sí ọlọ́jà Wàǹdó tó lè jẹun lórí èrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ìpolówó kò ná ní nǹkan kan lè jẹun níbẹ̀. Ìdí nìyí tí èsì ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ èébú, fi níye lórí lójú olùránṣẹ́: ó ti fi yé e pé ènìyàn wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò pàápàá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe tiwọn. Wọ́n á fi kòkòrò kọ̀ǹpútà gba àkóso ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, kí olówó ẹ̀rọ má tilẹ̀ mọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2008, wọ́n já ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ McColo ní California kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń darí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Spam gbogbo ayé wálẹ̀ gidigidi lójú ẹsẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti padà.

Èyí tó ń wọ fóònù

Ìgboro Bẹ̀nẹ̀ ń pe ẹni tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì ní gayman, bí Nàìjíríà ṣe ń pè é ní ọmọ Yahoo. Ṣáájú ìgbà Yahoo ni 419, nọ́ńbà abala tó sọ nípa jìbìtì nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà. Orúkọ yàtọ̀, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni: fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀, kí o sì dúró de ẹyọ kan tó máa dáhùn.

Ayédèrú ìsanwó ló yẹ kéèyàn wò fínnífínní. Ìyá kan jókòó ti aṣọ rẹ̀ lọ́jà, fóònù dún, SMS wọlé ní èdè Faransé: «Vous avez reçu 25 000 FCFA», ìyẹn, ẹ ti gba 25 000 FCFA. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìpè fi tẹ̀ lé e. «Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Ẹ dákun, owó oògùn ọmọ ni mo ṣèèṣì fi sórí nọ́ńbà yín. Ẹ bá mi dá a padà, Ọlọ́run á ṣàánú yín.» Ẹni náà mọ ìkíni, ó mọ̀ pé ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sóun lọ́rùn. Bí ìyá náà bá fi 25 000 ránṣẹ́, owó ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, nítorí kò sí owó kankan tó wọlé. Ọ̀rọ̀ lásán ni SMS yẹn, ẹnikẹ́ni ló sì lè tẹ̀ ẹ́. Àpò MoMo, ìyẹn àpò owó orí fóònù, ló ń sọ òótọ́: kí ó wo iye tó wà níbẹ̀, kí ó fi wé iye tó wà níbẹ̀ láàárọ̀. Bí owó bá sì ti ṣìnà wọlé lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ní ọ̀nà àtidá a padà. Ẹni tó ṣàṣìṣe ní láti kọ́kọ́ lọ bá wọn.

Ìpè tó dún lẹ́ẹ̀kan tó sì kú náà ní gbòǹgbò nínú àṣà. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní bip: ẹni tí krédì rẹ̀ kò tó á jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni kejì bá a pè padà. Ìwà ọmọlúwàbí ni kéèyàn pe ẹni tó bíp òun. Ohun tí jìbìtì tí àwọn ará Japan sọ ní wangiri ń jẹ nìyẹn. Nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè kan á dún, ẹni tó bá pè é padà á máa san owó gọbọi fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọn á sì máa fi orin dá a dúró. +229 ni Bẹ̀nẹ̀, +234 ni Nàìjíríà. Bí èyí tó hàn bá jẹ́ òmíràn, tí ẹni tí wọ́n pè kò sì ní ẹbí lókè òkun, kó má pè é padà.

Ti «fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ìbùkún má bàa fò ọ́» kì í sábà gbowó, àmọ́ àwa fúnra wa là ń bá wọn gbé e kiri. WhatsApp dín ìfiránṣẹ́ síwájú kù sí ojú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ 5 lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ayé ní 2019, ó sì dín ọ̀rọ̀ tó ti rìn jìnnà kù sí ẹyọ kan ní 2020.

Asẹ́ àti èdè

Ètò tó ń ya ọ̀rọ̀ burúkú kúrò lára rere ń ṣiṣẹ́ bí asẹ́ tó ń yọ èèrí kúrò nínú ògì. Àwọn olùwádìí ti kọ nípa ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ láti 1998, àlàyé tí Paul Graham sì kọ ní oṣù kẹjọ 2002 ló mú kí ọ̀pọ̀ tẹ́wọ́ gbà á. Kíka ọ̀rọ̀ ni. Ká ní «gagné», tó túmọ̀ sí «ti jẹ» nínú tẹ́tẹ́, wà nínú 60 nínú 100 SMS burúkú, tó sì wà nínú 3 péré nínú 100 SMS rere, asẹ́ á máa fura sí i. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á pa ìfura gbogbo pọ̀, á sì dájọ́.

Ibi tí ó ti kan Yorùbá nìyí. Ọ̀rọ̀ tí asẹ́ kò rí rí, kò lè ní èrò kankan nípa rẹ̀, Yorùbá tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Èyí tó wà pàápàá, àmì kì í sí lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. SMS kan ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo wọn bá wà nínú àkójọ kékeré tí àwọn ẹ̀rọ GSM ń lò. «É» àti «è» ti Faransé wà níbẹ̀. «Ọ» àti «ẹ» kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹyọ «ọ» kan ṣoṣo sínú SMS rẹ̀, àyè á sún kì láti 160 sí 70, ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ SMS kan á di méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá ti wá bọ́ àmì kúrò, «owo» ló kù, asẹ́ kò sì ní mọ̀ bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀. «Owo» inú «owo re ti wole» ti gayman àti ti inú «e fi owo wo omo naa» ti ìyá àgbà di ọ̀rọ̀ kan náà lójú rẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ó tún fi ìpele kan le sí i. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè níbẹ̀ ń kọ «ọ» bí ɔ, «ẹ» bí ɛ, «ṣ» bí sh. Ọwọ́ tí ọmọ Ìbàdàn kọ àti ɔwɔ́ tí ọmọ Kétu kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì lójú ẹ̀rọ. Kódà «ọ́» kan náà ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí ojú rí i bákan náà, kí ẹ̀rọ sì rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àfi tí ẹni tó ṣe asẹ́ náà bá ti kọ́ ọ pé ọ̀kan ni gbogbo wọn. Kì í ṣe àbùkù èdè wa rárá. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn tó ń ṣe asẹ́ ni.

Asẹ́ tó le jù náà ń pa ni lára. Aránṣọ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè máa retí ìdáhùn oníbàárà rẹ̀ lórí ímeèlì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìdáhùn náà sì ti jókòó sínú àpótí Indésirables, ibi tí asẹ́ ń kó spam sí, láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé «prix» (iye owó), «urgent» (kánjúkánjú) àti «argent» (owó) pàdé nínú rẹ̀. Ó dára kéèyàn máa yẹ àpótí yẹn wò, kó sì sọ fún ẹ̀rọ pé èyí kì í ṣe spam. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Òfin

Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ìyẹn Code du numérique, ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Bẹ̀nẹ̀. Ó béèrè pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ polówó ọjà fún ti gbà ṣáájú. APDP ló ń bójú tó ìwífún nípa ara ẹni, ARCEP ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, CNIN sì ń ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ. Fún SIM Nàìjíríà, ẹni tó bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 ti kọ gbogbo ìpolówó àìbéèrè. Kò ṣiṣẹ́ lórí SIM Bẹ̀nẹ̀.

Ohun tí ẹni tó gbà á lè ṣe

Dídí nọ́ńbà kan dára, àmọ́ olùránṣẹ́ lè ra SIM míràn lọ́la. Kétu ìgbàanì kò fi ti ojú ọ̀tá kan ṣoṣo ṣe; wọ́n mọ odi, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ sí Àkàbà Ìdènà láti wo ẹni tó ń wọlé. Fóònù òde òní lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó ní ibi tí a ti lè pa ìpè nọ́ńbà àjèjì lẹ́nu mọ́, kí tàwọn tí a mọ̀ nìkan máa dún. Kí èyí tó lè wúlò ní Bẹ̀nẹ̀, a ní láti tún àwọn nọ́ńbà tí a fi pamọ́ sínú fóònù ṣe ná. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà tó jẹ́ 8 tẹ́lẹ̀ ti di 10, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá yí ti àtijọ́ padà, fóònù rẹ̀ lè ka àbúrò rẹ̀ sí àjèjì.

Bí owó bá ti lọ, kò yẹ kí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì fi ìbínú pa SMS náà rẹ́. Nọ́ńbà, ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ náà gan-an ni àwọn olùwádìí á béèrè, wọ́n sì lè bá ìdúnàádúrà náà tọ orúkọ tí wọ́n fi gba SIM. Kó yá àwòrán ojú fóònù, kó sì tètè lọ bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kí owó tó kúrò nínú àpò tó wọ̀.

Èyí tó ń wá lórúkọ ọmọ ẹni ló le jù láti kọ̀: «Màmá, fóònù mi ti bàjẹ́, nọ́ńbà mi tuntun nìyí, ẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́.» Kí ìyá kọ́kọ́ pe nọ́ńbà àtijọ́. Bí kò bá wọlé, kó pe èyí tuntun kó gbọ́ ohùn, kó sì béèrè ohun tí ilé nìkan mọ̀. Oríkì tí wọ́n ń fi kí ọmọ náà láàárọ̀ lè tó, àfi tí ó bá ti kọ ọ́ sórí Facebook. Nígbà náà, kó béèrè orúkọ tí bàbá àgbà ń pè é nígbà tó ń ràkòrò.