Ẹ̀rọ Tó Bàjẹ́ Nínú Ilé Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà ní Ìlọrin

Bí ènìyàn bá ra ilé tí ẹlòmíràn ti gbé, yálà ní Adéwọlé ni o tàbí ní Gáà-Àkànbí, ọjọ́ tó lọ wo ilé kì í sábà tó láti mọ àléébù ẹ̀rọ inú rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé iná kò sí lọ́jọ́ náà, tàbí pé omi ti kún tánkì láti àárọ̀, tí kò sì sí ẹni tó rántí tan pọ́ǹpù. Ìgbà tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ tán ni amúlétutù yóò wá máa fẹ́ atẹ́gùn lásán.

Lábẹ́ òfin ilé rírà, ẹni tó ń rà ni kó la ojú rẹ̀. Ohun tí a bá dè mọ́ ilé, bíi pọ́ǹpù inú bọ́hóòlù, a máa bá ilé lọ. Fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ tó ṣe é gbé jẹ́ ti ẹni tó ń tà, àfi bí ìwé àdéhùn bá dárúkọ wọn. Ìnfátà ló wà láàárín méjèèjì, torí pé a kàn án mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ bátìrì rẹ̀ kò ṣòro láti tú gbé lọ. Mítà iná kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: bó bá dákẹ́, ọ́fíìsì IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná ní Ìlọrin, ni a ń gbà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí ẹni tó tà á, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Iná 230 fólíìtì ló yẹ kó máa wọlé. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, mọ́tò inú pọ́ǹpù àti ti amúlétutù yóò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, wáyà inú wọn yóò sì máa gbóná títí yóò fi jó, débi pé ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù láìjẹ́ kí oníṣẹ́ iná wọn iná ilé náà lè tún ra òmíràn láìpẹ́. Orí àpáta ni Ìlọrin wà, omi bọ́hóòlù mìíràn sì máa ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí pọ́ǹpù yóò máa yí lórí òfìfo. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ta ilé. Mọ́tò tó ń kùn tí kò yí lè máà nílò ju kàpásítọ̀ tuntun lọ, ìyẹn ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ní ti gáàsì amúlétutù, kì í déédéé tán: ó ń jò níbì kan, ẹni tó bá sì ń rọ ọ́ kún láìwá ibi tó ti ń jò, owó ló ń dà nù.

Bí ó bá hàn pé àléébù náà ti wà tẹ́lẹ̀, kí oníṣẹ́ kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí a sì béèrè rìsíìtì àti káàdì wáráńtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà yóò wo àdéhùn. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tí a bi léèrè, tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ. Ti ẹni kejì yìí ni a lè fi béèrè owó padà. Àwọn lọ́yà mìíràn kì í dúró dìgbà náà: wọ́n á ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a ó dá díẹ̀ dúró nínú owó ilé, títí gbogbo ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan lórí iná ìjọba, kì í ṣe lórí jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń tà.