Òṣùwọ̀n irọ́: ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ

Bí ilé ẹjọ́ bá ní kí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá yẹ ọ̀daràn kan wò, ìwé ìbéèrè wà lára ohun tí yóò gbé síwájú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìdáhùn òun lè dín ẹ̀wọ̀n òun kù kò ní ṣàì fẹ́ fi òótọ́ pamọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àwọn ìbéèrè kan há àárín àwọn tó kù, láti fi wọn irọ́.

Nínú MMPI, ìwé ìbéèrè nípa ìwà àti ìrònú ẹni tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, irú wọn 15 ló wà níbẹ̀. Àléébù kéékèèké tí gbogbo wa ní ni wọ́n dá lé: ìbínú, òfófó, irọ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá sẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń fọ ara rẹ̀ mọ́ ni.

Àwọn mìíràn kì í fọ ara wọn mọ́, ńṣe ni wọ́n ń díbọ́n bíi wèrè, tàbí kí wọ́n ní àwọn ò rántí nǹkan kan. Ìdánwò TOMM wà fún ti ìgbàgbé. Wọ́n á fi àwòrán 50 han ẹni tí wọ́n ń dán wò, lẹ́yìn náà wọ́n á máa gbé méjì méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú èyí tó ti rí. Ẹni tó dijú mú un yóò gba bíi 25. Ẹni tó wá gba 10 ńkọ́? Ó mọ èyí tó tọ́, ó kàn ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè sọ pé afurasí ló jalè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

Èyí tó ká mi lára ni ti èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ká ní wọ́n ń túmọ̀ ọ̀kan fún bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìkọ̀lé, tó wà lẹ́wọ̀n l'Ádó-Èkìtì. Ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ yìí, ojú máa ń ti àgbàlagbà láti ka àléébù ara rẹ̀ fún ọmọdé tí kò mọ̀ rí. Síbẹ̀ wọ́n á bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ kì í bínú?” Ó ní, “Rárá.” Ó lè jẹ́ “rárá, n kì í bínú”, ó sì lè jẹ́ “rárá o, mo máa ń bínú”. Èkíní ń fọ ara rẹ̀ mọ́, èkejì ń sọ òótọ́. Nínú fọ́ọ̀mù, àmì kan náà ni wọ́n máa fi sí i fún àwọn méjèèjì.