Bí DNA Ṣe Ká Jọ Nínú Sẹ́ẹ̀lì, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán an Wò

Tí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo tán, ó tó mítà 2, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè rí ibi tí wọ́n kó o sí. Bí apẹja Ẹ̀pẹ́ ṣe ń ká àwọ̀n sínú ọkọ̀ ni: ojú àwọ̀n méjì tó jìnnà síra lórí ọ̀sà á wá fara kanra. Ìfarakanra yìí ni jíìnì, ìyẹn ègé DNA tó ń gbé ìtọ́ni iṣẹ́ kan fún sẹ́ẹ̀lì, ń lò. Jíìnì Sox2 nínú eku, ibi tó ń pàṣẹ fún un fi nǹkan bí 100,000 lẹ́tà (A, T, G àti C tí wọ́n fi kọ DNA) jìnnà sí i.

Ṣé kíkájọ ló ń mú jíìnì ṣiṣẹ́, àbí iṣẹ́ jíìnì ló ń ká DNA jọ? Wíwò lásán kò lè sọ. Àfi kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ DNA, kí wọ́n yí ibì kan padà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa wò ó.

Ẹ̀rọ ló ń to àwọn lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá nǹkan bí 200, àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìwúkàrà ló ń bá wọn ṣe ìyókù. Ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú náà ni o, tó ń mú ẹmu àárọ̀ le kó tó di alẹ́. Tí wọ́n bá kó àwọn ègé náà sí i nínú, tí etí wọn bára mu, á so wọ́n pọ̀ di okùn gígùn. Wọ́n á wá gbé e sínú sẹ́ẹ̀lì eku.

Láti mọ bó ṣe ká, wọ́n á da fọ́málìnì sí sẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń lò ní mọ́ṣúárì. Ohun tó bá ń fara kanra á lẹ̀ mọ́ra gbọin. Wọ́n á gé DNA náà, wọ́n á so ẹnu àwọn ègé tó wà nítòsí ara wọn pọ̀, wọ́n á sì kà wọ́n. Hi-C lorúkọ ọ̀nà yìí, 2009 ló jáde.

Àbájáde rẹ̀ máa ń yani lẹ́nu. Ní 2018, àwọn kan ní Shanghai so gbogbo krómósómù (okùn DNA) mẹ́rìndínlógún tí ìwúkàrà ní di ẹyọ kan. Kíkájọ rẹ̀ dàrú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jíìnì rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Eku kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Berlin, ní 2015, wọ́n gé ègé DNA tí ààlà tó wà láàárín ìkájọ méjì wà nínú rẹ̀ kúrò lára eku. Jíìnì kan gba àṣẹ aládùúgbò rẹ̀, ìka eku náà sì kúrú.