Kí ni àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní kéríófà gan-an?

Tí ọmọ tó ń ka ẹnjiníà ní LASU ti Epe bá pe ilé pé òun ní kéríófà kan, ìyá ẹ̀ tó ń ta ẹja l'Olúwo lè rò pé ọmọ ti fìdí rẹmi pátápátá nìyẹn. Rárá o. Fìdí rẹmi táwọn òbí mọ̀ ni kí wọ́n ní kọ́mọ padà sí kíláàsì tó ti jókòó sí lọ́dún tó kọjá. Kéríófà ò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ á bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí 200 level, ìyẹn ọdún kejì, àmọ́ kọ́ọ̀sì 100 level tó féèlì á máa tẹ̀ lé e.

Yunifásítì míì, 40 ni máàkì tí wọ́n fi ń yege, ibòmíì 45, ẹni tí ò bá débẹ̀, F ni. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, torí náà tó o bá féèlì mátíìsì fọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà, ó dọdún tó ń bọ̀, wàá lọ jókòó sáàárín àwọn Jambite, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí lẹ́kíṣọ̀ wọn bá wá kọlu tìẹ ńkọ́, ìwọ lo máa mọ èyí tó o máa pa jẹ.

Máàkì yẹn gan-an ló ń dunni jù. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní yúnítì, ìyẹn bó ṣe wúwo tó. Níbi tí A ti jẹ́ 5, A nínú kọ́ọ̀sì yúnítì 3 jẹ́ póìntì 15, F jẹ́ òdo, síbẹ̀ wọ́n á ka yúnítì 3 yẹn mọ́ àpapọ̀ yúnítì tí wọ́n fi ń pín àpapọ̀ póìntì ọmọ láti mọ GPA ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, kódà tó o bá padà gba A, F àtijọ́ ṣì wà ńbẹ̀.

Wọ́n máa ń ké e kúrú: "Kérí mélòó lo ní?" Ẹni tó bá padà yege á ní òun ti kílíà ẹ̀. Èyí tí ò bá kílíà títí dé àṣekágbá ló ń di spill, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ ẹ̀ á lọ sìnrú ìlú, òun á ṣì wà ní kíláàsì.

Kéríófà yàtọ̀ sí F9 parallel o. F9 parallel ní tiẹ̀, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ló ni ín, látinú WAEC, níbi tí máàkì ti bẹ̀rẹ̀ láti A1 dé F9. Ó túmọ̀ sí F9 nínú gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, kódà ẹni tí ò mọ ọbẹ̀ sè, wọ́n á ní F9 parallel ló gbà ní kíṣìnì.