Ẹ̀rín Tó Bọ́ Lẹ́nu Níbi Ẹkún

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni àwọn èèyàn máa ń yọ́ sọ fún àwa nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ń sọ ọ́. "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń bo bàbá wa mọ́lẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín sì ń pa mí." "Wọ́n pè mí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, mo bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù." Wọn á wá bi mí bóyá ọ̀dájú ni àwọn, àbí orí àwọn ti ń dàrú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àwọn díẹ̀ ń bẹ tó jẹ́ pé àìsàn inú ọpọlọ ló ń fà á, tó sì yẹ kí wọ́n tètè rí dókítà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí ní Òṣogbo yìí, mo ti rí ibi tí ẹ̀rín ti tú ìdílé ká, mo sì ti rí aláìsàn tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbà ni pé ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí ayọ̀. Ẹ lọ dúró sí Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ gbọ́ bí ẹni tó ń ta èlùbọ́ ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Bí oníbàárà bá dá iye tí kò tó nǹkan lé e, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kó tó ní, "Kò gbà, àǹtí mi." Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ń fi ẹ̀rín rọ ọ̀rọ̀ náà lójú kí ìjà má ṣẹlẹ̀ ni. Robert Provine, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ń tẹ́tí sí àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀rín bí 1,200 sílẹ̀. Nínú 100, bí 10 sí 20 péré ló tẹ̀lé ohun tó jọ àwàdà. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ lásán bí "Ó dàárọ̀ o" àti "Ibo lo wà láti àná?" ló ṣáájú wọn. Ohun tí à ń fi ẹ̀rín sọ fún ara wa pọ̀ ju pé nǹkan dùn lọ: à ń fi bẹ̀bẹ̀, à ń fi tọrọ àforíjì, à ń fi sọ pé a ò bá ìjà wá.

Bí ìjayà, ìtìjú tàbí ìbànújẹ́ bá dé bá èèyàn lójijì, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, gbogbo iṣan á le. Ara tó ti le báyìí gbọ́dọ̀ wá ibì kan tú u sí. Ẹlòmíì á sunkún, ẹlòmíì á pariwo, ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Ẹkún àti ẹ̀rín ò sì jìnnà síra wọn nínú ara: iṣan àyà àti ti ikùn kan náà ni wọ́n ń gbọ̀n, èémí kan náà ni wọ́n ń já gbà, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn baba wa kò ka ìwé ìṣègùn kí wọ́n tó sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n sọ.

Àyẹ̀wò kan tí Stanley Milgram ti Yunifásítì Yale tẹ̀ jáde ní 1963 fi èyí hàn kedere. Ó ní kí ọkùnrin 40, lọ́kọ̀ọ̀kan, máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná mànàmáná gbe ẹnì kejì nínú yàrá mìíràn. Kò sí iná tó ń gbe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀. Bí iná náà ṣe ń lágbára sí i lójú wọn, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń kálòlò, 14 nínú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, àwọn ọkùnrin yìí sa gbogbo ipá wọn láti ṣàlàyé pé ìkà kọ́ ni àwọn, pé ẹ̀rín yẹn ò túmọ̀ sí pé àwọn gbádùn ohun tí àwọn ń ṣe. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ṣe máa ń sọ ọ́.

Irú ẹ̀rín yìí tún lè ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Kashasha, ní Tanganyika tó di Tanzania lónìí, ọmọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, wọn ò lè dákẹ́. Ó ràn títí ó fi mú 95 nínú akẹ́kọ̀ọ́ 159, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa ní oṣù kẹta. Àwọn dókítà wá kòkòrò àrùn, wọ́n wá májèlé, wọn ò rí nǹkan kan. Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yìí náà ló ń sunkún, tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Àwọn tó ti kọ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, ìpayà àti ìnira ọkàn ni ọ̀pọ̀ wọn kà á sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa. Ìyá ń bá ọmọ wí, ọmọ wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ṣàdédé ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fà sí ẹ̀gbẹ́. "Èmi lo fi ń rẹ́rìn-ín? Àwàdà ni mò ń bá ẹ ṣe?" Ìgbátí ti dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ wo ọmọ yẹn kí ọwọ́ yín tó gbéra. Ẹnu ló ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti fa ọrùn wọlé, èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ara rẹ̀ ń bẹ̀ yín lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Bí ẹ bá gbá a létí, ẹ̀rù á pọ̀ sí i, ẹ̀rín náà á sì pọ̀ sí i, ẹ̀yin á rò pé oríkunkun ni. Ẹ ní kó dìde, kó lọ mu omi, kó wá jókòó. Tí èémí rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, á wọ̀ ọ́ létí. Mo ń sọ èyí fún àwọn tíṣà náà.

Láàárín àgbàlagbà, opó ni wàhálà yìí máa ń ká mọ́ jù. Òkú ọkọ wà nílẹ̀, gbogbo ojú ń wò ó. Bí kò bá sunkún tó, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rín bá wá lọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó parí. "Ẹ ò rí i? Ó mọ nǹkan nípa ẹ̀." Mo ti jókòó ti obìnrin kan tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta lórí ẹ̀rín tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní wákàtí àkọ́kọ́ tí ìròyìn burúkú bá dé, ohun gbogbo lara lè ṣe: ó lè rẹ́rìn-ín, ojú lè gbẹ fúrúfúrú, oorun lè gbé e lọ, ó tiẹ̀ lè máa bèèrè bóyá wọ́n ti rọ omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹkún á dé nígbà tó bá yá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó pa ọkùnrin náà, dókítà ni kó lọ bi. Ẹ̀rín ìyàwó ò lè sọ fún un.

Bí ẹ̀rín bá gbé ẹ̀yin fúnra yín níbi fídáù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má há èémí mọ́ àyà, torí bí ẹ bá ṣe há a tó ló ṣe máa bú tó. Ẹ mí èémí náà síta díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu, ẹ gbójú wo ilẹ̀, ẹ má wo ojú ọ̀rẹ́ yín tí òun náà ń gbọ̀n lábẹ́ fìlà. Bí kò bá lọ, ẹ rọra dìde jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tọ́rọ̀ kàn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú sí mi, mà. Ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ mí lára jù. N kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wá ku èyí tó jẹ́ àìsàn. Mo lọ wo bàbá kan ní Òkè-Baálẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọlé wá tú ọ̀fọ̀ àna wọn kan. Kó tó sọ ọ́ tán, bàbá ti bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó sáré fi ìborùn bò wọ́n lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń dójú tì wá." Èmi ń wo ọwọ́ òsì bàbá. Ó di apá àga mú débi pé èékánná rẹ̀ funfun, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n fi ahọ́n tó ti wúwo sọ pé, "Ìyá Ìbejì, kì í ṣe èmi. Ẹnu mi ni."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ń gbà darí ojú: ọ̀kan fún ẹ̀rín tí a mọ̀ọ́mọ̀ rín, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, èkejì fún ẹ̀rín tó ti inú wá. Ẹ lè rí i lójú ẹlòmíì tí rọpárọsẹ̀ mú: bí ẹ bá ní kó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣí dọ́gba. Ìjánu wà tí ọpọlọ fi ń di ọ̀nà kejì yìí mú. Bí àìsàn bá já ìjánu náà, ohun kékeré lásán lè mú kí ẹ̀rín tàbí ẹkún tú jáde, kó gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì má bá ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà mu rárá. Kinnier Wilson, dókítà ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ní 1924. Rọpárọsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fà á. Ẹni tó forí gbálẹ̀ nínú jàǹbá ọ̀kadà lè ní in, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní àrùn Parkinson tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kókó inú ọpọlọ tàbí àrùn ìgbàgbé. Ẹkún ló sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.

Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ o. Oògùn ìsoríkọ́ ní ìwọ̀n kékeré, tí dókítà bá kọ ọ́, máa ń dín in kù gan-an, kódà bí aláìsàn ò ní ìsoríkọ́. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan fún un tí wọ́n po dextromethorphan àti quinidine pọ̀. Ẹ má torí pé dextromethorphan wà nínú oògùn ikọ́ kan lọ ra oògùn ikọ́ fún bàbá yín. Kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, ó sì lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jà.

Ti ọmọ ọwọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ọmọ tó ń ṣàdédé rẹ́rìn-ín lójúmọmọ, léraléra lóòjọ́, ẹ̀rín kan náà ní gbogbo ìgbà, tí kò wo ẹnikẹ́ni, tí kò dáhùn bí ẹ pè é, tó sì dákẹ́ lójijì bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wárápá kan wà tó ń wá bẹ́ẹ̀. Kókó kékeré kan nínú ọpọlọ, tí wọ́n bí ọmọ náà mọ́, ló sábà máa ń fà á. Kí ẹ tó lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run, ẹ fi fóònù yín ká fídíò rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Fídíò yẹn á ràn wọ́n lọ́wọ́ ju gbogbo àlàyé yín lọ.

Ẹni tó sì ń dá rẹ́rìn-ín bíi pé ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀, tí kò sùn dáadáa mọ́, tó ń fura sí gbogbo ará ilé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e wá. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rín tàbí ìwà àìmọ̀dí bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ẹnu sì wọ́, tí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Nínú ilé tí irú bàbá yẹn wà, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bá wọn wí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, tàbí kí ẹ yí i padà, kí ẹ ní kí wọ́n mí kanlẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ kí Jímọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, kí ẹnì kan ṣáájú sọ fún àwọn tó máa jókòó tì wọ́n pé, "Bàbá lè ṣàdédé rẹ́rìn-ín, àìsàn tó ṣe wọ́n ló fà á." Bí ẹ bá ń gbé wọn bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, iye ìgbà tó ń wá lóòjọ́, ohun tó sábà ń ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wá, títí kan àgbo.