Ohun Tí Ara Ń Sá Fún Nígbà Tí A Bá Ní A Kórìíra Eré Ìdárayá

Wọ́n darí obìnrin kan sí ọ̀dọ̀ mi nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà rẹ̀ sì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Bó ti jókòó, kí n tó ṣí fáìlì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo mọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ó dára fún mi, ṣùgbọ́n mo kórìíra rẹ̀ ni." Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí yóò máa mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi, tí kò sì ní ṣe ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó bá délé. Mo bi í pé kí ni ó kórìíra gan-an níbẹ̀. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò dárúkọ àárẹ̀, kò ní òun kò ráyè, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ojú ń ti òun. Ohun tó sọ ni pé òun kórìíra bí èémí òun ṣe máa ń dún nínú etí òun, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti tán láyé, àti bí ẹnu òun ṣe máa ń korò bí ẹni tó lá irin. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí olùkọ́ kan máa ń ní kí gbogbo kíláàsì sáré yí pápá ká, tó sì jẹ́ pé òun ló máa ń gbẹ̀yìn.

Bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, a ó rí i pé eré ìdárayá tó ju agbára rẹ̀ lọ ló kórìíra, nítorí pé irú ìyẹn nìkan ló mọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ títún oríkèé àti iṣan ṣe tí mo ń ṣe yìí, mo ti wá gbà pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀lẹ kò ya ọ̀lẹ rárá. Ara wọn ló ń rántí ìyà tó ti jẹ. Wọ́n wá ń wá kóríyá kiri, wọ́n ń tẹ́tí sí àwọn tó ń pariwo ìyànjú lórí fóònù, kí wọ́n lè rí agbára fara da ohun tó ń ni wọ́n lára, nígbà tó jẹ́ pé ìnira náà gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ dín kù. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà kò fẹ́ràn eré sísá, n kì í sì í sá a.

Nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ sínú iṣan ń tó o lò, ara sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá ń fi kún ìyára wa, a ó dé ibì kan tí èémí yóò ti yí padà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já lemọ́lemọ́, nítorí pé ohun tí iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ ju ohun tí ara lè tètè kó dànù. Panteleimon Ekkekakis, onímọ̀ kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí eré ìdárayá ṣe ń rí lára ẹni tó ń ṣe é, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò bá tíì dé ibẹ̀, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yá. Bí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀, ìdùnnú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lára ẹni gbogbo, àfi díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ibẹ̀ kò jìnnà sí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìjókòó. Àkàsọ̀ ilé kan ṣoṣo lè gbé e kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ méjì fi lè jọ jáde lọ rìn, tí ọ̀kan yóò máa rò ó pé àwọn ń nasẹ̀ lásán, tí èkejì yóò sì máa ka iye òpó iná tó kù kí ìyà tán. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ibi tí ẹ wà. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti wà níbi tó yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já ní ẹnu yín ní méjì-méjì, ẹ ti kọjá rẹ̀, ẹ rọra. Fún obìnrin tí mò ń sọ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́fà la fi bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níwájú yàrá iṣẹ́ mi. Mò ń bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, èémí rẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbọ́ nínú ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí àbíkẹ́yìn, tí ó sì dúró gba èémí láàárín gbólóhùn, mo dín ẹsẹ̀ mi kù, òun náà sì dín tirẹ̀ kù láìmọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí a jókòó, ó bi mí léèrè pé, "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní eré ìdárayá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀.

Ọ̀nà tí ẹ bá gbà parí rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Lọ́dún 2016, Zachary Zenko, Ekkekakis tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àti Dan Ariely gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn wa kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan. Àwọn kan fi ìrọ̀rùn bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà ń le sí i títí ó fi parí; àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ níbi tó le, ó sì ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn títí dé ìparí. Àwọn tó parí rẹ̀ sínú ìrọ̀rùn ló rántí rẹ̀ bí ohun tó dùn, àwọn náà ló sì retí pé yóò dùn bí àwọn bá tún un ṣe. Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é: a ó fi ibi tó le jù sí ìparí, a ó fi agbára tó ṣẹ́ kù sá ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún ìkẹyìn, a ó wá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí ara yóò gbé dé ọ̀la. Bí ibì kan yóò bá le, ẹ jẹ́ kí ó wáyé láàárín, nígbà tí ara bá ti móoru, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rọra rìn kí ẹ tó dúró.

Ní báyìí, bí a bá tilẹ̀ ti dín ìnira kù, ìfẹ́ láti dìde lè má wá, ẹ má sì dúró dè é. Lọ́dún 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ ń gun àkàsọ̀ lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, inú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn tó ń gba owó tó bó ṣe pọ̀ lára àwọn awakọ̀. (Nígbà tó ṣe, Morris kan náà lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn, ó sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti àwọn yòókù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ náà ni a lè kà sí ti àkàsọ̀. Ó wù mí pé òun fúnra rẹ̀ ló tú u síta.) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó bi ẹni tó ń gba owó léèrè bóyá ó wù ú láti gun àkàsọ̀ lọ́jọ́ náà. Èrò wà lókè, owó wà lọ́wọ́ èrò, ó gùn ún.

Bí a ṣe lè ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ọjọ́ ara wa ni àwọn olùwádìí mẹ́ta, Sarah Milne, Sheina Orbell àti Paschal Sheeran, tọ́ka sí lọ́dún 2002. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìwé tó ṣàlàyé ewu àrùn ọkàn àti bí eré ìdárayá ṣe ń dènà rẹ̀. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tí kò sàn ju ti àwọn tí wọn kò fún ní ìwé náà lọ. Àwọn mìíràn gba ìwé kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọn yóò ti ṣe é sílẹ̀. Nínú àwọn yẹn, ìdá 91 ló ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì wò, nítorí náà n kò ní ṣèlérí pé bákan náà ni yóò rí fún ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta àti iṣẹ́ méjì. Síbẹ̀, mo ti rí i lójú ara mi pé ẹni tó bá ní "n ó máa gbìyànjú" kì í padà wá sọ ohun kan fún mi.

Gbólóhùn tí èmi àti obìnrin náà jọ kọ ni èyí: "Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, n ó wọ bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, n ó rìn dé orígun kẹta, n ó sì padà, kí n tó fi ìdí kan àga." Ìgbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí gbólóhùn àga níbẹ̀, kò sì jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń délé, ó ń jókòó kí ó lè bọ́ bàtà iṣẹ́, àga a sì gbà á mọ́ra. A wá gbé bàtà ìrìn náà sórí pèpéle kékeré kan tí yóò fi lè wọ̀ ọ́ ní ìdúró, a sì kọ ọ̀rọ̀ àga mọ́ ọn. Irú nǹkan kékeré báyìí ló máa ń ba ètò jẹ́, kì í ṣe àìní ìpinnu.

Àwọn kan a máa so eré ìdárayá mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ràn, bíi kí wọ́n má ṣe gbọ́ ìtàn kan tó ń dùn mọ́ wọn bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń rìn. Ìwádìí kan tí Katherine Milkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ìsinmi kan já lu àárín rẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ má kàn gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan.

Lórí iye tó yẹ ní ṣíṣe, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó mọ níwọ̀n, tàbí ìdajì rẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tó le, kí ó sì máa lo iṣan rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ méjì ó kéré tán. Òfin àtijọ́ tó ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú kíkà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lójúmọ́ tí fóònù ń fi dẹ́rù bà yín ńkọ́? Ara orúkọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n gbé sórí àtẹ ní Jàpáànù lọ́dún 1965 ló ti wá, kì í ṣe inú ìwé ìṣègùn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lójúmọ́ lónìí sàn ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú tí ẹ ó ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí ara yóò fi ro yín fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì fi òṣùwọ̀n ìsanra ṣe ẹni tí yóò sanwó iṣẹ́ yín. Kì í tètè sanwó, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ san rárá, ọ̀pọ̀ ló sì ti tìtorí rẹ̀ pa ohun tó ń ṣe wọ́n láǹfààní tì. Oorun tó dára sí i àti àkàsọ̀ tí kò le bíi ti oṣù tó kọjá ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì: nínú ìwádìí Phillippa Lally lọ́dún 2010 lórí bí ohun tuntun ṣe ń di bárakú, ọjọ́ kan tó fò kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó gba ẹni tó wà láàárín wọn ní ọjọ́ 66, ṣùgbọ́n ó yá àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ fún àwọn mìíràn dáadáa.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ti kóríyá. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tó ń fún yín pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ìwọ̀nba ìrìn tí ẹ ń rìn tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé di ohun tí ẹ kò lè rìn mọ́, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ pé kò sí ohun kan tó wù yín ṣe mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Obìnrin náà ṣì ń wá sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò tíì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó mú bàtà náà dání sínú ọ̀rá, ó dojú rẹ̀ dé lórí tábìlì mi, ó ní kí n wo bí ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ ọ̀tún ṣe jẹ ju ti òsì lọ, ẹ̀rù ń ba òun pé bóyá ẹsẹ̀ òun ló ń wọ́. Mo yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò, mo ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ló gbó.